Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ní ìparí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì: ohun tí wọ́n máa ń bi mí ní Ìlọrin

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra WAEC àti JAMB, àwọn òbí wọn, àti àwọn tó ń kọ lẹ́tà ní ọ́fíìsì ló ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí, lórí òfin tó ní èèyàn ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn, bíi "in", "on" àti "to", parí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì. Láti Táńkẹ̀ títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè, ìyẹn ló jẹ́ kí n kó wọn jọ síbì kan. Ẹni tí kò bá ráyè kà á tán, kó fo ìtàn Dryden, ẹni tí wọ́n ní ó gbé òfin náà kalẹ̀, kó lọ síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ lórí "on it", "the house I live" àti "in which". Ibẹ̀ ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa.

Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn parí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì?

Irọ́ ni. "Where are you from?" dára. "Who did you come with?" dára. "This is the compound my father grew up in" dára, kò sì sí bí èèyàn ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí yóò rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Merriam-Webster, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sórí Instagram pé kò sóhun tó burú níbẹ̀. Làwọn èèyàn bá ya bò wọ́n, bí ẹni pé wọ́n ní kí gbogbo ayé máa jẹun lọ́sàn-án ààwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe tuntun rárá.

Kí tiẹ̀ ni ọ̀rọ̀ atọ́kùn?

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi "in", "on", "at", "to", "from", "with", "for", "about" àti "of" ni. Wọ́n máa ń so ọ̀rọ̀ orúkọ mọ́ ìyókù gbólóhùn, kí á lè mọ ibi tí nǹkan wà, ibi tó ń lọ, ẹni tó wà fún, tàbí ohun tí a fi ṣe é. Nínú Yorùbá, àwọn bíi "ní", "sí" àti "láti" ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń bá wa ṣe èyí tó pọ̀ jù. Gẹ̀ẹ́sì á ní "cut it with a knife"; àwa á ní a fi ọ̀bẹ gé e. Gẹ̀ẹ́sì á ní "talk to him". Àwa á ní a bá a sọ̀rọ̀. "Fi" àti "bá" ti ṣe iṣẹ́ náà tán kí ọ̀rọ̀ tó dé ìparí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wàhálà tó wà níwájú ti ń wá.

Ta wá ló gbé òfin náà kalẹ̀?

John Dryden ni orúkọ tí wọ́n sábà máa ń dá. Akéwì ni, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé sì ni, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1672 ó kọ àpilẹ̀kọ kan tó ti ń wá àléébù sí èdè àwọn òǹkọ̀wé tó ṣáájú rẹ̀. Ó mú ìlà kan jáde nínú eré Ben Jonson, "The bodies that those souls were frighted from", ó ní "from" tó gbẹ̀yìn yẹn kò dára. Ben Jonson kò lè fèsì, ó ti kú láti 1637. Dryden gbà pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nínú ìwé tòun ni, kò sì fi mọ bẹ́ẹ̀: nígbà tó tún ọ̀kan nínú àwọn ìwé rẹ̀ tẹ̀ ní 1684, ó wá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kiri inú rẹ̀, ó ń yí wọn padà.

Kò sọ ìdí tó fi jẹ́ àṣìṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé Látìn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Látìn ni èdè ọ̀mọ̀wé láyé ìgbà yẹn, Dryden fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ níbì kan pé bí òun bá ń ṣiyèméjì lórí Gẹ̀ẹ́sì òun, ńṣe lòun máa ń tú u sí Látìn wò. Nínú Látìn, ọ̀rọ̀ atọ́kùn kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ tó ń ṣiṣẹ́ fún. Faransé àti èdè Spéènì náà rí bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ìdílé ọ̀tọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti wá. Àwọn ará Denmark, Sweden àti Norway, tí èdè wọn bá ti Gẹ̀ẹ́sì tan, ń fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn sẹ́yìn bó ṣe wù wọ́n, ẹnikẹ́ni ò sì yọ wọ́n lẹ́nu.

Robert Lowth ni wọ́n tún máa ń di ẹ̀bi rù. Àlùfáà ni, ó padà di bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tẹ ìwé gírámà kan jáde ní 1762 tó rìn jìnnà. Lójú tèmi, wọ́n ń ṣe àìdáa sí i. Ohun tó kọ ni pé àṣà kan lèyí "which our language is strongly inclined to". Ẹ wo ibi tí "to" jókòó sí. Ó fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa ọ̀rọ̀ atọ́kùn, mi ò sì gbà pé kò mọ ohun tó ń ṣe. Ó ní ó bá ọ̀rọ̀ ẹnu mu dáadáa, ṣùgbọ́n bí ìwé náà bá jẹ́ èyí tó ga, ó máa ń dùn ún gbọ́ jù bí a bá gbé e síwájú. Ìmọ̀ràn ni bàbá yẹn gbà wá o. Àwọn tíṣà tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ di òfin. Nígbà tó fi máa di 1926, H. W. Fowler ti kọ ọ́ sínú ìwé ìlò èdè rẹ̀ pé ìgbàgbọ́ asán tí àwọn èèyàn ò fẹ́ jọ̀wọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní Churchill sọ ńkọ́?

Èyí tí wọ́n ní olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn fi òfin náà ṣe yẹ̀yẹ́, tó ní nǹkan kan wà "up with which I will not put", dípò "which I will not put up with"? Àpárá tó dùn ni, àmọ́ kò sí ẹ̀rí tó dúró pé Churchill ló dá a. Bẹ́ẹ̀ sì ni "up" tó wà níbẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ atọ́kùn, ara ọ̀rọ̀ ìṣe "put up with" ni. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa lọ.

Ṣé ibì kan wà tó jẹ́ pé dandan ni kí ọ̀rọ̀ atọ́kùn gbẹ̀yìn?

Ó wà, ó sì pọ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ kí á mú òkúta ìlọ-irin, èyí tí ìtàn ìlú wa sọ pé wọ́n ń lọ irin lórí rẹ̀ tí Ìlọrin fi gba orúkọ. Bí a bá fẹ́ júwe òkúta yẹn fún àlejò ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mẹ́ta ló wà:

"The stone that they sharpened their iron on."
"The stone they sharpened their iron on."
"The stone on which they sharpened their iron."

Gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. Ẹ̀kẹta ló ga jù, irú èyí tí wọ́n á kọ sára pátákó fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí: "The stone on that they sharpened their iron." Kò sí irú rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ti fi "that" so gbólóhùn pọ̀, tàbí tí a ò fi nǹkankan so ó, "on" kò ní ibòmíràn tó lè lọ ju ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé òfin Dryden lójú méjèèjì á kàn máa sá fún "that" títí ayé.

Gbólóhùn tí ẹni tó ṣe nǹkan ti fara pamọ́ náà tún nìyẹn: "The shop was broken into last night." "The old man is well looked after." Níbo lẹ fẹ́ gbé "into" àti "after" sí? Bákan náà ni "a mat to sit on", "nothing to be afraid of", àti "I know what you are talking about". Àti ìbéèrè kúkúrú bíi "What for?" àti "Who with?" Ẹni tó bá yí púpọ̀ nínú wọn po, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣàjèjì létí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an.

Tíṣà, ọmọ mi kọ "the chair that I sat on it", wọ́n sì fi báírò pupa fà á. Kí ni àṣìṣe ibẹ̀?

Àlàájà, "it" yẹn ni. Ẹ má sì bínú sí ọmọ náà, torí ó nídìí.

Nínú Yorùbá a lè sọ pé "àga tí mo jókòó sórí rẹ̀". "Rẹ̀" yẹn ń dúró fún àga tí a ti dárúkọ ṣáájú, kò sì sí Yorùbá kan tó máa ní ó pọ̀ jù. Ọmọ tó bá ń ronú lọ́nà yẹn á wá "rẹ̀" nínú Gẹ̀ẹ́sì, á sì fi "it" dí àyè rẹ̀.

Ti ọmọ Ìlọrin tiẹ̀ tún le ju ti ẹlòmíràn lọ. Ọmọ tó ń lọ ilé ìwé láàárọ̀ tó sì ń lọ ilé kéwú nírọ̀lẹ́, Lárúbáwá náà ń tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ bi àfáà yín. "Al-kursiyyu alladhī jalastu ʿalayhi" ni wọ́n ń kọ́ wọn, "hi" tó gbẹ̀yìn sì ni "rẹ̀" tiwa. Bí ọmọ bá yọ "hi" yẹn kúrò, àfáà á bá a wí. Bí ó bá lọ fi irú rẹ̀ sínú Gẹ̀ẹ́sì lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, tíṣà á fi pupa fà á. Èdè méjì gbà, ẹ̀kẹta kọ̀, ọmọdé ló wà láàárín.

Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ ọ́ torí pé "that" ti ń ṣojú fún àga náà. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe nìyí: kí ọmọ gbé ìka lé "chair", kó tún gbé ìka lé "it", kó bi ara rẹ̀ bóyá nǹkan kan náà ni méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ nǹkan kan náà, tí "that", "which" tàbí "who" sì ti wà láàárín, kó pa "it" rẹ́, kó má sì fọwọ́ kan "on". "The chair that I sat on." Ó tán. Àwọn kan máa ń pa "on" náà rẹ́ mọ́ ọn, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé kò gbọdọ̀ gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni òfin èké yẹn ti ń ba nǹkan jẹ́ fún wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kéwú, ẹ kíyè sí òdìkejì rẹ̀ náà. Lárúbáwá ní "Min ayna anta?", "min" ló ṣíwájú, kì í sì í lọ sẹ́yìn láéláé. Gẹ̀ẹ́sì ní "Where are you from?" Ẹni tó bá tú ti Lárúbáwá ní tààràtà á ní "From where are you?" Àwọn èèyàn á gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n á mọ̀ pé àlejò ni.

"The house I live" ńkọ́? Ṣebí bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn lóòótọ́, òun sì ni mo kà sí àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Lójú mi, ó burú ju ọ̀rọ̀ atọ́kùn tó gbẹ̀yìn lọ nígbà ọgọ́rùn-ún, torí èyí jẹ́ àṣìṣe, tọ̀hún ò jẹ́ nǹkankan.

Ẹ wo Yorùbá wa. "Mo ń gbé ní Táńkẹ̀." Bí mo bá fẹ́ tẹnu mọ́ Táńkẹ̀, mo á ní "Táńkẹ̀ ni mo ń gbé." Níbo ni "ní" ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ó ti pòórá. Nínú èdè wa, bí orúkọ ibi kan bá ti bọ́ síwájú, "ní" kì í dúró sẹ́yìn de ẹnikẹ́ni. Ilé tí mo ń gbé. Ọjà tí màmá mi ti ń ta ata. Ìlú tí mo ti wá. Nínú méjì tó gbẹ̀yìn yẹn, "ti" ń ṣiṣẹ́ níwájú ọ̀rọ̀ ìṣe, ìparí gbólóhùn sì mọ́ tónítóní. Nítorí náà, ọmọ tó bá fi etí Yorùbá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í rí i pé nǹkan kan ń sọnù. Ó kọ "the house I live", ó kọ "the person I gave the money", ó kọ "the town I come", gbogbo rẹ̀ sì ń dún dáadáa létí rẹ̀.

Ká wá sọ pé ọmọ náà tiẹ̀ ní etí fún un, tó kọ "the house I live in", kí ẹnìkan wá sọ fún un ní kíláàsì pé wọn kì í fi "in" parí gbólóhùn. Kí ló máa ṣe? Ó máa yọ ọ́ kúrò. Kò mọ̀ pé bó bá yọ ọ́ lẹ́yìn, dandan ni kó fi síwájú. Àṣìṣe tí Yorùbá ti ń tì í sí tẹ́lẹ̀, tíṣà ti wá fọwọ́ sí i.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó yẹ kí "in" tàbí "to" wà níbẹ̀?

Ẹ tú gbólóhùn náà palẹ̀, kí ẹ dá ọ̀rọ̀ orúkọ padà sí ààyè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀kan ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ pé:

"Ipata is the market my mother sells pepper."

Ẹ gé e láàárín, kí ẹ dá "the market" padà sẹ́yìn: "My mother sells pepper the market." Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ á gbọ́ pé nǹkan kù. "My mother sells pepper in the market." "In" ló kù. Ó wá gbọ́dọ̀ hàn níbì kan:

"Ipata is the market my mother sells pepper in."
"Ipata is the market in which my mother sells pepper."
"Ipata is the market where my mother sells pepper."

Èmi á mú ẹ̀kẹta. "Where" ti gbé "in" mì, kò sí pé ó gbẹ̀yìn tàbí ó ṣíwájú mọ́. Bí ẹ bá ti wá fi "where" sí i, ẹ má tún fi "in" kún un o.

Ẹ fi ọ̀nà kan náà yẹ gbólóhùn "the man I gave the money" wò. "I gave the money the man"? Rárá, "to the man". Nítorí náà, "the man I gave the money to". Ẹ yẹ "the school I attended" wò: "I attended the school." Kò sóhun tó kù, ẹ má fi "to" sí i.

Kí ló dé tí "the house in which I live in" fi jẹ́ àṣìṣe? Mo rò pé ó gbayì.

"In" méjì fún iṣẹ́ ẹyọ kan. Àwọn tó ń kọ lẹ́tà ìjọba àti ìkéde ìpàdé ló fẹ́ràn rẹ̀ jù: "the ceremony to which you are invited to", "the period for which the money is meant for". Ẹ̀rù ló fà á. Ẹni tó kọ ọ́ ti gbọ́ pé iwájú lọmọlúàbí ń gbé e sí, ó gbé e síwájú. Kò sì dá a lójú, ó tún fi ọ̀kan sẹ́yìn pé bóyá. Ẹ yan ọ̀kan.

Ṣé WAEC máa ń yọ máàkì torí pé mo fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn parí gbólóhùn?

Bí gbólóhùn náà bá tọ̀nà, kò yẹ kí wọ́n yọ nǹkankan. Ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ṣe ń pín máàkì àròkọ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50: kókó ọ̀rọ̀ gba 10, ìtòlẹ́sẹẹsẹ gba 10, bí èèyàn ṣe lo èdè gba 20, 10 tó kù sì wà fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé. Inú 10 yìí ni "on it", "the house I live" àti "in which I live in" ti ń jẹ yín níyà, ìdajì máàkì lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá da mẹ́ta yẹn sínú àròkọ kan léraléra, kó má bi ẹnikẹ́ni ibi tí máàkì rẹ̀ lọ.

Apá tó gba 20 ni irú ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí ti ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn nípa ojú ọ̀nà tó bàjẹ́, "the road on which our farmers depend" bá a mu. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ yín tó wà ní Ọ̀fà, "With whom did you go to the party?" á dà bí ìwé ìpè láti kọ́ọ̀tù. Ẹ kọ "Who did you go to the party with?" kí ọ̀rẹ́ yín lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.

Bí ẹ bá wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tí ọkàn yín ò balẹ̀, ẹ gé gbólóhùn yín sí méjì kúkúrú. Kò sí máàkì fún gígùn.

"Who" ni àbí "whom"?

Bí ọ̀rọ̀ atọ́kùn bá ṣíwájú rẹ̀, "whom" ni: "to whom", "with whom", "for whom". Bí ọ̀rọ̀ atọ́kùn bá wà lẹ́yìn, "who" ni gbogbo ayé ń sọ: "Who is it for?" "To Whom It May Concern" kò ní yí padà, orí lẹ́tà ni.

Tí mo bá ní "I don't know where is he", wọ́n ní kò tọ̀nà. Ṣebí wọ́n kọ́ wa pé "is" máa ń ṣíwájú nínú ìbéèrè?

Wọ́n kọ́ yín dáadáa, ẹ kàn lò ó ré kọjá ibi tó yẹ ni. Yorùbá kì í yí ọ̀rọ̀ po torí ìbéèrè. "Ó wà nílé" ni, bí a bá fẹ́ béèrè, a ó fi "ṣé" síwájú: "Ṣé ó wà nílé?" Olùwà ò kúrò níbi tó wà. Gẹ̀ẹ́sì ló ń yí tiẹ̀: "He is at home", "Is he at home?" Nítorí pé ó ṣàjèjì sí wa, tíṣà á tẹnu mọ́ ọn títí, ọmọ á sì wá máa yí i káàkiri, àní nínú gbólóhùn tí kì í ṣe ìbéèrè.

Bí ìbéèrè bá wà nínú gbólóhùn mìíràn, Gẹ̀ẹ́sì kì í yí i mọ́. "I don't know where he is." Ẹ fi wé "N kò mọ ibi tó wà": olùwà ló kọ́kọ́ wá, ọ̀rọ̀ ìṣe tẹ̀lé e. Ọ̀nà Yorùbá gan-an ni. "Tell me what your name is." "She asked why we were late." Níbí, ẹ gbọ́ ti etí yín.

"White big house" àbí "big white house"?

"Big white house". Bí ó ṣe tóbi tó ló máa ń ṣíwájú, ọjọ́ orí rẹ̀ tẹ̀lé e, àwọ̀, ibi tó ti wá, kí ohun tí wọ́n fi ṣe é tó wá kan ọ̀rọ̀ orúkọ. Èrò yín nípa rẹ̀ ló máa ń ṣáájú gbogbo wọn: "a beautiful old blue Ilorin cloth". Tiwa rọrùn, orúkọ ló máa ń kọ́kọ́ wá, ìyókù á tẹ̀lé e.

"On the light", "off the gen": ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni?

Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni, èmi náà sì ń sọ ọ́ nílé bí iná bá lọ. Kò sí ẹni tó máa pariwo "please turn the generator off" nínú òkùnkùn. Àmọ́ nínú ìdánwò, ẹ kọ "turn on the light" tàbí "turn the light on". Ibi tí ó ti ń ko àwọn ọmọ lójú ni tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá di "it": "turn it on" ni, kì í ṣe "turn on it". "On" yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ atọ́kùn, ìrù ọ̀rọ̀ ìṣe ni, bíi "up" inú "wake up" àti "off" inú "put it off". Nítorí náà, òfin Dryden ò tiẹ̀ kàn wọ́n, bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń tẹ̀lé e.

Kí ni àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tí a máa ń fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn sí tí kò yẹ?

"Discuss" ló ṣáájú. Kò sí "discuss about", ẹ kàn "discuss" ọ̀rọ̀ náà. "Emphasise" kò fẹ́ "on". "Request" kò fẹ́ "for" bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, àmọ́ "a request for water" dára, torí ọ̀rọ̀ orúkọ ni níbẹ̀. "A discussion about" náà dára. "Await" kò fẹ́ "for". Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹ máa gbọ́ gbogbo wọn kí wọ́n tó gbàdúrà ìparí.

Lọ́nà kan náà, "Where is he at?" kò nílò "at". Ẹ tú u palẹ̀ wò bí a ṣe ṣe lókè: "he is there", kì í ṣe "he is at there".

Ọ̀gá mi ní sẹkitéríàtì kò gbà. Lẹ́tà tí mo bá fi "to" tàbí "for" parí gbólóhùn rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń dá a padà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má bá wọn jiyàn lórí lẹ́tà tí àwọn ni wọ́n máa fọwọ́ sí. Ẹ má sì sáré lọ kó "whom" àti "which" wá, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń kọ "for which we are waiting for". Ọ̀rọ̀ ìṣe ni kí ẹ pààrọ̀. "The issues we talked about" á di "the issues we discussed". "The form you asked for" á di "the form you requested". "The date we are waiting for" á di "the expected date". "The committee he belongs to" á di "his committee". Gbólóhùn á kúrú, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, ẹ̀yin náà á sì lọ sílé lásìkò.

Bí ẹ bá wá dé ibi "the matter is being looked into", ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò sí ọ̀gá tí kò kọ ìyẹn rí.